Gbígbin háyásíǹtì sínú ọgbà: àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa ń bi mí, àti ìdáhùn wọn

Gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, ó sì ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń gbin háyásíǹtì síwájú ilé mi. Bí oṣù kẹta bá ti wọlé, òórùn rẹ̀ á máa ta sánsán dé ojú títì, àwọn tó bá sì wá kí wa á dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ aago. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìbéèrè máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti dáhùn wọn lórí fóònù, mo ti dáhùn wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi ìsọmọlórúkọ, mo wá rò ó pé kí n kúkú kọ wọ́n sílẹ̀ sójú kan. Òtútù ìlú yìí tí gbogbo wa ń ráhùn sí, òun ni òdòdó yìí ń fẹ́. Ẹni tó bá mọ ìyẹn, tó sì mọ bí a ṣe ń lé omi kúrò nídìí rẹ̀, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé háyásíǹtì tó bo ojú ọ̀sà l'Ékòó nìyí? Ìyá mi ní kí n má gbìn ín.

Rárá o, ẹ bá mi fi ọkàn ìyá yín balẹ̀. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, wọn ò bá ara wọn tan rárá. Ti ojú omi yẹn, agbègbè odò Amasóńì ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, lójú omi Àgbádárìgì, ìhà Orílẹ̀-èdè Benin ló sì gbà wọlé. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti tàn ká ojú ọ̀sà, ó ń há ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, àwọn apẹja ò sì rí ibi ju àwọ̀n sí mọ́. Gbéborùn ni àwọn ará Ìlàjẹ ń pè é, orúkọ yẹn sì bá a mu. Òdòdó rẹ̀ tó tò sára ọ̀pá kan ni àwọn òyìnbó rí tí wọ́n fi yá a ní orúkọ háyásíǹtì.

Èyí tí à ń sọ níbí kì í léfòó. Orí ilẹ̀ ló ń gbé, bí omi bá sì dúró sí ìdí rẹ̀ pẹ́, yóò kú. Kì í ya wọ ọgbà aládùúgbò, kò sì ní í fún yín ní wàhálà kankan tí ẹ̀ ń gbọ́ nípa ti ọ̀sà.

Kí ni à ń rà gan-an? Ṣé kóró rẹ̀ ni, àbí èyí tó ti hù?

Orí ni. Ó rí bí orí àlùbọ́sà, ó tilẹ̀ ní èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi tirẹ̀, nítorí náà orí ni n ó máa pè é. Láti ìparí oṣù kẹjọ ni ẹ óò ti máa rí i ní àwọn ilé ìtajà ohun ọ̀gbìn àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó sanwó. Ó yẹ kó le gbagidi, kó sì wúwo lọ́wọ́. Èyí tí ìdí rẹ̀ bá rọ̀, tàbí tó fúyẹ́ bí ìgbà tí inú rẹ̀ ti gbẹ, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un. Bí èèpo òde bá bu díẹ̀, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ẹ nù ún kúrò.

Ẹ óò rí nọ́ńbà lára àpò rẹ̀, bíi 14/15, 16/17 tàbí 18/19. Wọ́n fi okùn yí ikùn orí náà ká ni, iye sẹ̀ǹtímítà tó jẹ́ nìyẹn. Èyí tó tóbi jù ló wọ́n jù, àwọn tó ń gbìn ín sínú ìkòkò fún inú ilé ni wọ́n sì ń tà á fún. Fún ìta, èyí tó wà láàárín, bíi 15/16, ni kí ẹ rà. Òdòdó rẹ̀ kì í wúwo jù fún ọ̀pá rẹ̀, ìjì oṣù kẹta kì í sì í rí i wó. Owó yín á dín, iṣẹ́ yín á sì dára sí i.

Ẹ wo àwọ̀ èèpo náà pẹ̀lú. Orí tí èèpo rẹ̀ pọ́n bí àlùbọ́sà pupa sábà máa ń yọ búlúù, pupa, píǹkì tàbí elésè àlùkò. Èyí tí èèpo rẹ̀ funfun sábà máa ń yọ funfun tàbí àwọ̀ ìyeyè. Ọmọ mi da gbogbo tèmi pọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ́dún kan, èèpo yìí ni mo fi ṣà wọ́n.

Oṣù wo ni kí n gbìn ín?

Láti ìdajì oṣù kẹsàn-án títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ní Bìrìtìkó. Ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ni mo fi ń rántí tèmi. Nígbà yẹn ilẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀, gbòǹgbò á rí àyè rìn kí òtútù líle tó dé.

Ẹ ti gbàgbé àpò kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, oṣù kejìlá sì ti dé? Bí ilẹ̀ ò bá tíì dì, ẹ gbìn ín lónìí. Ó lè pẹ́ yọ, ó sì lè kúrú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀, ẹ óò bá a níbẹ̀ ní gbígbẹ.

Ilẹ̀ wo ló dára fún un? Ti ẹ̀yìnkùlé mi dà bí amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò.

Amọ̀ ni ti èmi náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ọ̀pọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Ogún orí ni mo gbìn lọ́dún àkọ́kọ́. Mo gbẹ́ ihò, mo jù wọ́n sí i, mo sì bò wọ́n. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, mẹ́ta péré ló yọ. Mo hú àwọn yòókù láti wò wọ́n, wọ́n ti jẹrà, wọ́n sì rọ̀ lọ́wọ́ mi, òórùn wọn ò sì ṣeé sún mọ́. Òtútù kọ́ ló pa wọ́n, omi ni. Òjò ìgbà òtútù kún inú ihò wọ̀nyẹn, amọ̀ ò sì jẹ́ kó rí ibi gbà, àfi bí ẹni rẹ ẹ̀gẹ́ sínú ìkòkò.

Mo ti pẹ́ kí n tó rántí ohun tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Kí ló dé tí àgbẹ̀ ilé wa ń kọ ebè fún iṣu? Kí omi lè ṣàn lọ sí poro ni, kí iṣu má baà jẹrà. Lọ́dún kejì mo kọ ebè. Mo kó ilẹ̀ jọ ga tó sẹ̀ǹtímítà 20, mo po òkúta wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀dú tí ewé jíjẹrà ṣe pọ̀ mọ́ amọ̀ náà, mo sì gbin orí sórí rẹ̀. Mo padà rí òdòdó mi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ilẹ̀ tí ẹ ní, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ bu omi kún un lálẹ́. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ jí, ẹ má gbin orí sí ojú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ebè, tàbí kí ẹ fi pákó ṣe àpótí gíga, tàbí kí ẹ lo ìkòkò. Òkúta wẹ́wẹ́ tó rí págunpàgun ni kí ẹ rà, kì í ṣe yanrìn kíkúnná tí àwọn bíríkìlà ń lò. Ìyẹn á tún bá amọ̀ lẹ̀ pọ̀ ni. Ẹ má sì da ìgbẹ́ ẹran tútù sí i, ó máa ń mú orí jẹrà.

Ní ti oòrùn, ibi tí oòrùn ti ń là sí fún wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ nígbà ìrúwé ló dára jù. Abẹ́ igi tí ewé rẹ̀ ń wọ́ tán kò burú, torí igi náà á ṣì wà níhòòhò nígbà tí háyásíǹtì bá ń yọ.

Báwo ni ihò ṣe máa jìn tó? Báwo ni mo ṣe máa jìnnà wọn síra?

Láti ṣóńṣó orí dé ojú ilẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ oníyanrìn, ẹ lè jẹ́ kó tó 15. Láàárín orí kan àti èkejì, sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, kí wọ́n má kan ara wọn. Ṣóńṣó lókè, ìdí tó pẹrẹsẹ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ti gbìn ín tán, ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí òjò máa ṣe ìyókù.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ má tò ó ní ìlà kan bíi ti àwọn ọlọ́pàá níbi ayẹyẹ. Ẹ gbìn ín ní ìdìpọ̀, méje síhìn-ín, mẹ́sàn-án sọ́hùn-ún, àwọ̀ kan ṣoṣo sí ojú kan. Ẹ sì jẹ́ kó wà nítòsí ibi tí ẹ̀ ń gbà kọjá lójoojúmọ́, lẹ́bàá ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ fèrèsé. Òórùn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ sanwó fún, kò sì yẹ kí ẹ lọ gbé e sọ́nù sí ìdí ògiri ẹ̀yìnkùlé.

Ọwọ́ mi ń yún mi láti ìgbà tí mo ti dì í mú. Ṣé ó lóró ni?

Ẹ ti bó kókò rí? Ohun kan náà tó ń mú ọwọ́ yún níbi kókò ló wà lára èèpo háyásíǹtì. Ó kéré púpọ̀, ó mú bí abẹ́rẹ́, ojú ò sì rí i. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ ra ojú, ẹ sì fọ ọwọ́ dáadáa tí ẹ bá ṣe tán. Àwọn tí awọ ara wọn máa ń tètè bínú, kí wọ́n wọ àwọ̀lékè alápá gígùn pẹ̀lú.

Kí ló dé tí kò lè ṣe kó má gba òtútù?

Ẹ wo ibi tó ti wá. Orí òkè olókùúta ní gúúsù Tọ́kì, Síríà àti Lẹ́bánónì ni ilé rẹ̀. Ooru ibẹ̀ gbẹ, ó sì gùn. Òtútù rẹ̀ sì mú. Nígbà ooru, orí náà á sùn sínú ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀yin ò ní rí nǹkan kan lókè, ṣùgbọ́n inú orí yẹn ni òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ti ń di òdòdó, kékeré, ó pé pérépéré. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ la orí kan sí méjì nínú oṣù kẹwàá, ẹ óò rí i tó jókòó sáàárín bí ọmọ inú oyún. Mo la ọ̀kan rí láti fi han àwọn ọmọ mi, ó dùn mí pé mo pa á, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé rẹ̀.

Òdòdó náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá tó máa gbé e jáde kò ní gùn àfi bí òtútù bá ti pa orí náà fún bí ọ̀sẹ̀ 10 sí 14, kí ó sì tutù tó bíi ti inú fíríìjì, díígírì 9 tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ilẹ̀ ń ṣe èyí fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Àwọn tó wà ní Maryland tàbí New York náà kò níṣòro.

Houston ni èmi ń gbé. Òtútù wa ò tó nǹkan.

Ẹ̀yin á lo fíríìjì. Bí ẹ bá ti rà á nínú oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, ẹ kó o sínú àpò pépà, kì í ṣe ọ̀rá, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kó má ṣe jẹ́ ibi tí nǹkan ti ń dì. Ẹ má jẹ́ kí ápù tàbí èso mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Èso tó ń pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń pa òdòdó inú orí. Ẹ kọ ọ́ sára àpò náà gàdàgbà pé kì í ṣe àlùbọ́sà, kí ẹnì kan má lọ gé e sínú ọbẹ̀. Ìparí oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní ni kí ẹ gbìn ín síta, kí ẹ sì gbà pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa yọ.

Òjò dídì ti bo ewé rẹ̀. Ṣé ó ti kú?

Kò kú. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ewé lè tẹrí ba láàárọ̀ kó sì dìde lọ́sàn-án.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń hú gbogbo nǹkan tí mo bá gbìn.

Háyásíǹtì kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ wọn lẹ́nu tó òdòdó túlíìpù, torí ìyún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ló ń fà wọ́n. Ẹ tẹ àwọ̀n wáyà bo ojú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì gbá èèpo tó ṣí sílẹ̀ kúrò níbẹ̀, torí òórùn èèpo ń pè wọ́n. Ìgbín tí kò ní ìkarawun ni ọ̀tá gidi nígbà tí èhù bá ń yọjú. Iná tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ àti ọwọ́ tó ní ìbọ̀wọ́ ni mo fi ń ṣà wọ́n.

Òdòdó mi yọ dáadáa, ó wá ṣubú lulẹ̀ gbọọrọ.

Ó wúwo ju ọ̀pá rẹ̀ lọ ni. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí orí bá tóbi jù, bí òjò bá kún inú òdòdó, tàbí bí ó bá wà níbi tí òjìji pọ̀ débi tó fi ń nà wá ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi igi tín-ín-rín kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi okùn rírọ̀ so ó lọ́nà tí kò fi ní há a. Èyí tó bá ti ṣẹ́, ẹ gé e wá sínú ilé, ẹ kì í sínú gíláàsì omi. Òórùn ọ̀kan ṣoṣo kún pálọ̀ mi títí fún ọjọ́ márùn-ún.

Tèmi ò ga. Òdòdó há sáàárín ewé, nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òtútù rẹ̀ ò tó, tàbí gbòǹgbò ò rí omi mu nígbà tó yẹ kó dàgbà. Ó wọ́pọ̀ níbi ìkòkò tó wà lábẹ́ òrùlé, tí òjò ò dé. Ẹ kò lè tún ti ọdún yìí ṣe. Ẹ tọ́jú ewé rẹ̀, kí ẹ sì wò ó lọ́dún tó ń bọ̀.

Òdòdó ti rẹ̀ tán. Kí ni kí n gé, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba tiwọn jẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Òdòdó tó ti rẹ̀ ni kí ẹ gé, ẹ gé e pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, kó má baà lo agbára láti so kóró. Ewé, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ewé ni ilé ìdáná orí yẹn. Oúnjẹ tó ń sè níbẹ̀ láàárín oṣù kẹrin àti ìkẹfà ni orí máa fi ṣe òdòdó tọdún tó ń bọ̀. Ẹ óò rí àwọn tó ń di ewé rẹ̀ ní kókó bí irun, tàbí tí wọ́n ń fi rọ́bà so ó kí ọgbà lè mọ́ tónítóní. Bí ẹ bá dì í, ẹ ti pa iná ìdáná náà.

Ó máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ewé tó pọ́n kó sì dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà yẹn ni ó máa já wọ́ọ́rọ́wọ́ tí ẹ bá fà á. Mo mọ̀ pé kò dára wò, àwọn ará ilé mi sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Mo gbin àwọn òdòdó ìgbà ooru sí iwájú rẹ̀, wọ́n ń ga bí ewé ṣe ń pọ́n, wọ́n sì bò ó.

Bí ewé bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ fún un ní ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ń fún tòmátì, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Potáṣíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀, òun ni orí ń fẹ́. Bí ewé bá ti pọ́n, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má sì bomi rin ibẹ̀ mọ́. Oorun ìgbà ooru rẹ̀ ti dé.

Lọ́dún kejì, òdòdó rẹ̀ ò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Ṣé mo ṣe àṣìṣe ni?

Ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan. Orí tí ẹ rà, àwọn àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ dáadáa ní Nẹ́dálándì ló ti fi ọdún bíi mélòó kan bọ́ ọ nínú ilẹ̀ iyanrìn, tí wọ́n ń gé òdòdó rẹ̀ dànù kí gbogbo okun lè wọ inú orí. Ọgbà tiwa ò lè bọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún kejì, òdòdó á fọ́n ká lára ọ̀pá, á fúyẹ́, kò sì ní í ṣubú mọ́. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó jọ ohun tó hù fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn mi tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá.

Wọ́n fún mi ní èyí tó wà nínú ìkòkò lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ṣé mo lè gbé e síta?

Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti fi ooru tàn án jẹ kó lè yọ kí àkókò rẹ̀ tó tó, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ gé òdòdó tó ti rọ, ẹ gbé ìkòkò náà sí ibi tó tutù tó sì mọ́lẹ̀ nínú ilé, ẹ máa bomi rin ín. Bí ìgbà ìrúwé bá dé, ẹ gbìn ín sínú ọgbà. Ó lè má yọ òdòdó lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ má fi ṣe ìbínú, ẹ fún un ní ọdún méjì.

Mi ò ní ọgbà, fúlátì ni mo ń gbé. Bálíkónì nìkan ni mo ní.

Ó tó. Ìkòkò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 25, tí ihò wà nídìí rẹ̀. Ẹ fi òkúta tàbí ẹsẹ̀ ìkòkò gbé e sókè kúrò nílẹ̀ kí omi lè jáde. Ẹ po òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ mọ́ ilẹ̀dú tí wọ́n ń tà nínú àpò. Orí lè sún mọ́ra ju ti inú ilẹ̀ lọ. Ẹ̀rù kan ni kí ẹ ṣọ́: ìkòkò máa ń dì gbagidi láti ẹ̀gbẹ́, ohun tí ilẹ̀ kì í ṣe. Bí òtútù bá fẹ́ mú gan-an, ẹ sún un mọ́ ògiri, kí ẹ fi àpò yí i ká.

Èwo nínú wọn lẹ fẹ́ràn?

Delft Blue, tó ní àwọ̀ búlúù tó rọlẹ̀, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, òun ni mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìn. Carnegie funfun gbòò, ó máa ń mọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Jan Bos pupa tó sún mọ́ píǹkì. Woodstock ní àwọ̀ elésè àlùkò tó dúdú. Gbogbo èèyàn ló ń béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kì í hàn lórí ilẹ̀ dúdú, ẹ fi funfun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. City of Haarlem, tó ní àwọ̀ ìyeyè tó rọra, ti wà láti ọdún 1893, ó sì máa ń pẹ́ yọ ju àwọn yòókù lọ. Mo máa ń gbin òun àti Delft Blue sí ojú kan náà kí òórùn lè pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní ọmọ kékeré, mo sì ní ajá.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn jẹ ẹ́. Orí ló léwu jù, ó máa ń fa èébì àti inú rírun, ajá sì fẹ́ràn láti hú ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rì. Ẹ kó àpò orí sókè níbi tí ọwọ́ ò dé. Bí ajá bá jẹ ẹ́, ẹ pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera, tí ẹ bá wà ní Bìrìtìkó, kí ẹ sì mú orí tó ṣẹ́ kù dání.

Ṣé mo lè sọ ọ̀kan di púpọ̀?

Ó máa ń bí ọmọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra. Àwọn ará Haarlem ní Nẹ́dálándì ló mọ ọ̀nà tó yá. Òdòdó yìí ti dé Yúróòpù láti ìhà Tọ́kì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ní àwọn ọdún 1730 sì ni owó rẹ̀ gun òkè rọ́kẹ́rọ́kẹ́ ní Nẹ́dálándì kó tó já wálẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí túlíìpù ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Wọ́n ní láti wá bí orí kan ṣe lè di ogún.

Èyí ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà ooru, tí orí bá ń sùn, ẹ hú u. Ẹ mú ọ̀bẹ tó mú tó sì mọ́, ẹ la ìdí rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta tó gba àárín kọjá, kó wọlé dé ìwọ̀n ìdámẹ́rin orí náà. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ìdí lókè, lórí yanrìn gbígbẹ, níbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, àwọn orí kéékèèké á máa yọ lójú àwọn ọgbẹ́ náà bí eyín ọmọ tuntun. Ẹ gbìn ín bó ṣe wà, ìdí lókè. Ìyá á jẹrà, àwọn ọmọ á yọ ewé. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni kí ẹ fi ojú sọ́nà fún òdòdó. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan jẹrà pátápátá, èkejì fún mi ní mẹ́tàdínlógún, mo sì pín wọn fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Aládùúgbò mi tó jẹ́ ará Írán ní kí n ta ọ̀kan fún òun lóṣù kẹta. Kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ọdún tuntun wọn, Nowruz, máa ń bọ́ sí bí ogúnjọ́ oṣù kẹta, háyásíǹtì sì wà lára ohun tí wọ́n ń tò sórí tábìlì ọdún náà. Ẹ má tà á, ẹ gé méjì fún un.

Mo fẹ́ gbé e lọ sílé fún ìyá mi, ní Ìbàdàn. Ṣé á hù?

Nínú ilẹ̀, kò ní í yọ òdòdó. Ìbàdàn ò ní òtútù tí yóò jí i, òjò ibẹ̀ á sì bá a níbi tó ti yẹ kó máa sùn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ ò sì lè kàn kó orí òdòdó sínú báàgì kí ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó yẹ kí ó ní ìwé ẹ̀rí ìlera ọ̀gbìn, kí àrùn má baà bá a wọlé.

Bí ẹ bá gba ìwé náà, fíríìjì ni kí ìyá yín gbé e sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, bí mo ṣe sọ fún ará Houston, iná sì gbọ́dọ̀ máa wà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé e sórí ìgò tí omi kún dé abẹ́ ìdí rẹ̀ láì kàn án, sínú yàrá tó tutù jù nínú ilé. Á yọ lẹ́ẹ̀kan, fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó tán.

Bí ó bá jẹ́ òdòdó olórí tí á máa padà yọ lọ́dọọdún nínú ilẹ̀ pupa Ìbàdàn ni wọ́n ń fẹ́, ẹ bá wọn ra líìlì pupa ńlá nì, èyí tí òdòdó rẹ̀ ṣí bíi fèrè, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọ̀gbìn lẹ́bàá títì. Ẹ gbìn ín kí ọrùn rẹ̀ yọ síta díẹ̀, ẹ má sì bomi rin ín púpọ̀.